Àgbọ̀nrín Alámì Méjì

Orí ọmọ ẹran tirẹ̀ gan-an ni Hadne ti kọ́kọ́ rí Sero. Ọkùnrin náà ti dá ọmọ àgbọ̀nrín náà dùbúlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn, ó fi eyín di ọ̀bẹ mú, ó sì mú ègé etí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé dání bí ẹni tó rí nǹkan he. Ìgbà ooru ti ń parí lọ. Kùrukùru tó bo erékùṣù wa nínú òkun àríwá fún ọjọ́ mẹ́ta ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká kúrò nílẹ̀ ni, oòrùn sì bọ́ sórí irun rẹ̀ tó tutù rinrin. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ohun tó bí Hadne nínú jù nìyẹn.

"Ẹran ta lo ń gé létí yẹn?"

Sero yọ ọ̀bẹ kúrò lẹ́nu. "Tèmi ni. Ìyá rẹ̀ ló dúró sọ́ọ̀ọ́kán yẹn."

"Ìyá rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Wo funfun tó wà níwájú orí rẹ̀. Ìran ẹran ìyá mi nìyẹn, bí wọ́n ṣe ń bí gbogbo wọn nìyẹn."

Sero wo iwájú orí ọmọ ẹran, ó wo abo tó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó tún wo ègé etí ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Àṣìṣe tó ń ti darandaran lójú ni, ṣùgbọ́n ta ni kò ní ṣe é lẹ́yìn irú kùrukùru bẹ́ẹ̀? Agbo ẹran Sero tó ń jẹ̀ níhà àríwá àti agbo bàbá Hadne ti ya wọnú ara wọn láìsí ẹni tó rí wọn. Ọmọ ẹran tó sọ ìyá rẹ̀ nù ti ń tẹ̀ lé abo mìíràn, abo náà sì ti ń fún un lọ́mú. Abo tí ọmọ ẹran bá ń tẹ̀ lé la fi ń mọ ẹni tó ni ín lọ́dọ̀ wa, àmì onítọ̀hún la sì máa ń gé sí i létí. Abo yìí ló tan Sero jẹ.

Musena, bàbá Hadne, dé ibẹ̀, ó sì sọ̀kò ọ̀rọ̀. Ó bi Sero bóyá ojú rẹ̀ ni kùrukùru wọ̀ ni àbí agbárí rẹ̀. Sero kàn ń tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n etí tí a ti gé kò ṣeé lẹ̀ padà, wọ́n sì ṣe ohun tí àṣà wí. Wọ́n fi etí òsì sílẹ̀ pẹ̀lú àmì Sero, Musena sì gé àmì Hadne sí etí ọ̀tún. Ẹran náà di ti àwọn méjèèjì. Ẹnì kan kò lè tà á, ẹnì kan kò sì lè pa á, àfi kí ọwọ́ méjèèjì wà níbẹ̀. Àwọn tó wà lọ́gbà ẹran lọ́jọ́ náà sọ ọ́ ní Àjọni, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn wọ́n. Hadne nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Àfi bí Sero ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá wo ẹran rẹ̀. Ìrìn ọjọ́ kan gbáko ló wà láàárín àgọ́ wọn, lórí ilẹ̀ rírọ̀ tó ń gbé èèyàn mì dé orúnkún, síbẹ̀ kò ju ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún lọ tí wọn kì í rí i. Kì í wá lọ́wọ́ òfo. Igi kì í hù lórí ilẹ̀ wa, òkun ló ń gbé e wá fún wa láti ilẹ̀ ńlá, Sero a sì máa ru pákó tó dára tó rí létí omi wá fún bàbá arúgbó tó bú u. Musena a gba pákó, a sì kọ ẹ̀yìn sí i.

"Etí òsì mi ńkọ́?" ni Sero máa ń bi Hadne.

"Etí òsì wà lára ẹran. Orí ẹni tó gé e ni a ò mọ ibi tó wà."

"Ó wà lọ́dọ̀ rẹ, Alájọni mi. Ọ̀dọ̀ rẹ ló wà láti ọjọ́ yẹn."

Orúkọ tó ń pè é nìyẹn, Alájọni. Níbẹ̀rẹ̀, Hadne a máa bínú sí i. Nígbà tó yá, bó bá di ọjọ́ karùn-ún tí kò tíì gbọ́ ọ, kò ní lè jẹun. Ó fẹ́ràn rẹ̀, kí n má parọ́. Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó ń bá Àjọni sọ̀rọ̀ sí etí òsì.

Nígbà tí ìyẹ́ àwọn ẹyẹ omi ti hù padà tí wọ́n sì fò lọ, tí yìnyín ti bo ilẹ̀, Sero wá tọrọ rẹ̀. Ó mú ìyá rẹ̀ dání lórí ọkọ̀ yìnyín, ọkọ̀ pákó tí ẹran ń fà nílẹ̀. Ìtànṣán yìnyín ìgbà òtútù bí ogójì ti jẹ ojú ìyá náà, kò ríran mọ́, ṣùgbọ́n ó fọwọ́ kan ojú Hadne káàkiri, ó sì ní ó tẹ́ òun lọ́rùn. Musena jókòó, ó ń wo iná.

"Ẹsẹ̀ ni ìyá ọmọ yìí fi rìn wọ àgọ́ mi," ló wí. "Mi ò ní ẹran kankan nígbà náà. Orí ló fi ru awọ tí a sùn lé. Àwọn obìnrin erékùṣù yìí ń pè é ní Afẹsẹ̀rìn títí ó fi kú, mo sì ń gbọ́, mi ò lè ṣe nǹkan kan sí i. Ọmọ mi ò ní fẹsẹ̀ rìn wọlé ọkọ. Àgbọ̀nrín ló máa fà á. Bí kò bá sí àgbọ̀nrín, kò sí ìyàwó."

Ara tu Sero. Ó ní ọgọ́ta ẹran nígbà náà, Musena sì ní tó igba. Wọ́n fi ìgbéyàwó sí ìgbà tí oòrùn bá padà yọ, nítorí kì í yọ rárá láàárín ìgbà òtútù lọ́dọ̀ wa. Ìyá Sero náà ń dunnú. Ó sọ fún Hadne pé bí ẹran bá fà á yí àgọ́ òun ká lẹ́ẹ̀mẹta tán, bí oòrùn ṣe ń yí, òun ni òun máa jáde wá bi í pé mélòó ló fà á wá, òun náà ló máa tú wọn. "Ojú mi ò ríran, àmọ́ ọwọ́ mi mọ okùn ẹran," ló wí. Hadne bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ awọ rẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá, òjò rọ̀.

Ẹ̀yin tí òjò ń rọ̀ fún, ẹ ò ní mọ ohun tí mo ń sọ. Ní oṣù kọkànlá, yìnyín ló yẹ kó bọ́, yìnyín fúlẹ́fúlẹ́ tí ẹran máa fi pátákò wà kó tó kan koríko funfun tó ń jẹ. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́ wá láti ìwọ̀ oòrùn, òjò sì rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, òtútù padà dé lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo erékùṣù, láti etíkun dé etíkun, wá di omi dídì kan ṣoṣo. Koríko wà lábẹ́ rẹ̀, èèyàn ń fojú rí i. Ẹran ń fi pátákò wà á títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń ṣẹ̀jẹ̀, kò sì lè kàn án.

Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ńlá ni, wọn ì bá ti tú àgọ́, kí wọ́n dà wọ́n lọ síbi tí òjò ò dé. Níbo la fẹ́ dà wọ́n sí? Omi ló yí wa ká, omi dídì tó wà lójú rẹ̀ kì í sì í dúró sójú kan. Hadne àti bàbá rẹ̀ mú àáké, wọ́n ń fọ́ ilẹ̀ láti ìgbà tí ojú ọ̀run bá pọ́n díẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, èyí tí kò ju wákàtí mẹ́ta lọ. Ibi tí wọ́n bá fọ́ kì í tó ẹran mẹ́wàá jẹ. Ẹran bẹ̀rẹ̀ sí í dùbúlẹ̀. Èyí tó bá ti dùbúlẹ̀ kì í dìde mọ́.

Ti Sero burú ju tiwọn lọ. Ebi lé agbo rẹ̀ bọ́ sórí òkun dídì, bóyá iyọ̀ ni wọ́n ń wá. Sero ń sáré tẹ̀ lé wọn nígbà tí afẹ́fẹ́ yí, omi dídì ya kúrò létíkun, ó sì ń gbé ẹran lọ. Ó dúró sétí omi, ó ń pè wọ́n. Àwọn kan lára wọn gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n yíjú padà, wọ́n ń wò ó títí wọ́n fi dà bí àmì dúdú lókèèrè, tí wọn ò sì sí mọ́.

Nígbà tí Hadne gbọ́, ó rìn lọ bá a. Sero ṣì wà létí òkun. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú.

"Ọkọ̀ ojú omi á dé nígbà ooru," ni Sero wí. "Mo gbọ́ pé bàbá rẹ fẹ́ kó ẹ lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ nílẹ̀ ńlá. Mo gbọ́ pé ọkùnrin kan wà níbẹ̀, Okatetto, tó lẹ́ran. Bá wọn lọ."

"O ń lé mi?"

"Mi ò ní nǹkan kan, Hadne. Mi ò tiẹ̀ ní ẹran kan tó lè fà ẹ́ ká àgọ́ ìyá mi."

"O ní ìdajì ẹran kan."

"Mú ìdajì náà. Mo fi sílẹ̀ fún ọ."

"Mi ò gbà á. Tèmi ti tó mi," ni Hadne wí, ó sì kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń sunkún lọ nínú afẹ́fẹ́. Sero kò pè é ní Alájọni lọ́jọ́ náà, kò sì sáré tẹ̀ lé e. Ìyẹn ló dùn ún jù.

Nígbà tí oṣù kìíní fi máa parí, nínú igba ẹran Musena, Àjọni nìkan ló kù. Ẹ ó bi mí bó ṣe yè é. Hadne ló mú un wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́. Koríko gbígbẹ là ń tẹ́ sábẹ́ awọ kí òtútù ilẹ̀ má bàa wọ èèyàn lára, Hadne sì ń fa ti abẹ́ ara rẹ̀ yọ díẹ̀díẹ̀, ó ń fún ẹran náà jẹ. Bàbá rẹ̀ ń wò ó. Ó bú u, ó ní wèrè ni, ó ní ẹran kan kì í ṣe agbo, ó ní ọ̀rọ̀ Okatetto ti parí. Nígbà tí koríko abẹ́ ara rẹ̀ tán, Hadne mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan ló kù fún Àjọni. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ẹran náà ò kú. Ìkejì kọjá. Inú Hadne dùn, kò béèrè ohun tí ẹran ń jẹ. Ó yẹ kó béèrè.

Ikọ́ wọ Musena láyà ní oṣù kejì. Ó kọ́kọ́ ń wú u ní òwúrọ̀, lẹ́yìn náà ó ń wú u tọ̀sán-tòru, ó sì wá di pé kò lè jókòó mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Hadne fẹ́ tún ibùsùn rẹ̀ ṣe, ó ká awọ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò sí koríko kankan lábẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ dídì lásán ni, ó ń dán. Bàbá rẹ̀ ti ń sùn lórí omi dídì fún oṣù kan gbáko.

Hadne fọwọ́ kan ilẹ̀ náà. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ̀ ń fún un jẹ."

"Ẹyọ kan náà tó láti fà ọ́," ni Musena wí. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Ọ̀rọ̀ Okatetto yẹn, mo kàn fi ń pariwo ni. Ṣé mi ò rí bí o ṣe ń bá etí òsì sọ̀rọ̀ ni?"

Ó simi títí, ikọ́ gbé e, ó tún simi. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀ ẹ́. Ó ní bí òun bá kú, kí wọ́n má pa Àjọni fún òun. Òun mọ̀ pé àṣà ni pé kí òkú gun ẹran lọ, ṣùgbọ́n òun á fẹsẹ̀ rìn, òun ti fẹsẹ̀ rìn rí. Kí ẹran náà fa Hadne wọlé ọkọ. Ohun kan ṣoṣo tí òun fẹ́ rí nìyẹn.

Hadne ò ṣe ìlérí kankan. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin, ó ń fi èémí gbóná sí i. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn, ní ọ̀sán, nígbà tí oòrùn yọ orí díẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún náà, Musena kú.

Ó wá ku ẹran kan, ọ̀rọ̀ méjì sì wà nílẹ̀. Bí wọ́n bá pa Àjọni fún òkú, Hadne á fẹsẹ̀ rìn wọlé ọkọ, ohun tí bàbá rẹ̀ búra pé kò ní ṣẹlẹ̀ láéláé. Bí wọ́n bá dá a sí, bàbá rẹ̀ á máa fẹsẹ̀ wọ́ tẹ̀ lé igba ẹran rẹ̀ tó ti lọ ṣáájú, kò sì ní bá wọn láéláé, nítorí ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ dé ibẹ̀ kì í bá àwọn ará rẹ̀. Ohun tí a gbà gbọ́ nìyẹn. Hadne jókòó ti òkú náà fún ọjọ́ kan. Ó wo àtẹ́lẹsẹ̀ bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ránṣẹ́ pe Sero.

Sero dé, òun àti ọkùnrin àgbà kan tó ń jẹ́ Yelisey. Pákó tí Sero ti kó jọ fún ọkọ̀ yìnyín ìyàwó ni wọ́n fi kan pósí. Nígbà tí Hadne sọ ẹ̀bẹ̀ bàbá rẹ̀ àti ohun tí òun fẹ́ ṣe, Sero wò ó lójú.

"Ṣé o mọ ohun tó ò ń sọ? Ó ní ká má pa á."

"Mo mọ̀. Òun ló fi ara rẹ̀ bọ́ ọ. Ẹran rẹ̀ ni ju tiwa lọ."

Wọ́n gbé òkú lọ sórí òkè kékeré tí àwọn ìran rẹ̀ wà. Àjọni ló fà á. Okùn tí a so mọ́ ọrùn la fi ń pa àgbọ̀nrín lọ́dọ̀ wa, ẹnì kan a fà á lápá ọ̀tún, ẹnì kan a fà á lápá òsì, kò sì ní pẹ́. Iṣẹ́ ọkùnrin ni. Obìnrin kì í fọwọ́ kan okùn yẹn, kì í tiẹ̀ í ré e kọjá nílẹ̀. Sero mú apá òsì. Yelisey bẹ̀rẹ̀ láti mú apá ọ̀tún, ṣùgbọ́n Hadne ti dúró níbẹ̀.

"Etí ọ̀tún ni tèmi," ló wí.

Yelisey wò ó, ó sì fi okùn sílẹ̀, ó kọjú sí òkun. Àwọn méjèèjì fà á. Àjọni ò bá wọn jà, ó ti mọ̀ wọ́n jù. Nígbà tó dùbúlẹ̀, Hadne kúnlẹ̀, ó fẹnu sí etí òsì, ó sọ nǹkan kan fún un. Mi ò mọ ohun tó sọ. Wọ́n kọrí sílé, wọn ò bojú wẹ̀yìn, nítorí èèyàn kì í bojú wẹ̀yìn níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Hadne tú àgọ́ bàbá rẹ̀. Ó di ìkòkò, àpò abẹ́rẹ́ àti awọ tí ìyá rẹ̀ fi orí rù nígbà náà sórí ọkọ̀ yìnyín, ó fi okùn ìfà kọ́ àyà ara rẹ̀, ó sì ń lọ síhà àríwá, sí àgọ́ Sero. Kò tíì rìn jìnnà tó fi rí ẹnì kan tó ń bọ̀.

"Padà sílé," ni Hadne wí nígbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ọkọ ìyàwó kì í jáde wá fa ìyàwó."

Sero ti ń kọ́ okùn kejì sáyà. "Èmi kọ́ ni ọkọ ìyàwó lónìí. Etí òsì ni mí."

Hadne fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Ó sunkún títí, Sero dúró tì í, kò rọ̀ ọ́ pé kó dákẹ́. "Mo lé ọ nígbà yẹn," ló wí, "Alájọni mi, mo lé ọ, mi ò sì sùn láti ọjọ́ náà." Hadne fi ìbọ̀wọ́ rẹ̀ nu ojú ara rẹ̀, ó nu ti Sero. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà á.

Ọjọ́ kan gbáko ni. Egungun ẹran wà káàkiri lójú ọ̀nà, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sì ti yó débi pé kì í sá mọ́. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ ìyá Sero, oòrùn fẹ́ wọ̀. Ó ti rẹ̀ wọ́n tẹnutẹnu, síbẹ̀ wọ́n fa ọkọ̀ yìnyín náà yí àgọ́ ká lẹ́ẹ̀mẹta, bí oòrùn ṣe ń yí, láìfọhùn. Kò sẹ́ni tó wò wọ́n.

Ìyá Sero gbọ́ ìró igi lórí yìnyín, ó sì jáde. Ó wọ aṣọ awọ rẹ̀ tó dára jù lọ. Ó dúró ṣánṣán sẹ́nu àgọ́, ó kọjú síbi tí kì í ṣe ọ̀dọ̀ wọn.

"Àgbọ̀nrín mélòó ló fà ọ́ wá, ọmọ mi?"

Sero lanu. Hadne mì orí sí i.

"Méjì ni, Ìyá," ni Hadne wí.

Ìyá na ọwọ́, ó ń wá wọn. Ó kan èjìká Hadne, ó tọ okùn náà dé àyà rẹ̀, òógùn ti dì sí i. Ó na ọwọ́ kejì, ó kan àyà ọmọ rẹ̀. Ó mọ àyà ọmọ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ níbẹ̀, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ tí kò ríran.

"Ó ti rẹ̀ wọ́n púpọ̀," ló wí. Ó tú okùn Hadne, ó tú ti Sero, ó ní kí wọ́n wọlé, tíì ti gbóná.

Ẹran ò padà sí erékùṣù wa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀pọ̀ èèyàn bá ọkọ̀ ojú omi lọ nígbà ooru, àwọn obìnrin tó kù sì ń wá bi ìyá Sero bóyá òótọ́ ni ohun tí àwọn gbọ́, pé ẹsẹ̀ ni ìyàwó ọmọ rẹ̀ fi rìn wá bíi ti ìyá tó bí i. Èsì kan náà ló ń fún wọn títí ó fi kú.

"Àgbọ̀nrín méjì ló fà á wá. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi tú wọn."